Òdòdó Funfun Níbi Ìwẹ̀ Bùbú Rosina

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí mo gba iṣẹ́ ní ọgbà irúgbìn tó wà lẹ́yìn ìlú Luganville ní erékùṣù Santo, ni mo kọ́kọ́ pàdé Bùbú Rosina Garae. Bí a ṣe pàdé kò wuyì rárá. Mo dé ìlà kẹta ní aago méje àárọ̀, mo sì bá obìnrin àgbà kan tó wọ kaba gbọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé, tó tẹ̀ ba, tó ń fa àwọn pátákó orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ yọ nínú ilẹ̀, tó sì ń jù wọ́n sínú agbọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bùbú," ni mo wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ń pe gbogbo ìyá àgbà, "ti ìjọba ni àwọn pátákó yẹn o."

Kò tilẹ̀ nàró. "Ṣé ìjọba ló wá kọ irọ́ sára wọn?"

"Rárá, Bùbú. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ó káre. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí màá bá jà."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ìjà náà dá lé lórí. Kábéèjì erékùṣù ni wọ́n gbìn sí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọgbà wa, ìdí méjìlélọ́gọ́ta lápapọ̀, láti oríṣiríṣi erékùṣù. Kì í ṣe kábéèjì olórí roboto tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sọ. Ìjì ti gbá àwọn pátákó àtijọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ni èwo mọ́. Ọ̀gá Wilkins, tó jẹ́ olórí ọgbà, gbà mí síṣẹ́ nítorí pé mo ṣe dáadáa nínú ìdánwò àṣejáde lórí ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí. Iṣẹ́ mi ni láti wo ìdí kọ̀ọ̀kan fínnífínní, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹni tí kò rí i rí lè fi àpèjúwe mi dá a mọ̀.

Igi kékeré ni kábéèjì erékùṣù, mọ̀lẹ́bí ilá sì ni. Orúkọ rẹ̀ lédè Látìnì ni Abelmoschus manihot. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá sè é, ó máa ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ilá. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè ga ju ọkùnrin tó nàró lọ. Ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀. Ọ̀mùnú rẹ̀ ni oúnjẹ wa, ojoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ń já a, nítorí náà kì í ráyè yọ òdòdó. Ní ìhà ibi tí àwọn òbí mi ti wá ní erékùṣù Ambae, ìlà kan ṣoṣo ló máa ń yọ òdòdó, ìyẹn ìlà obìnrin tó kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀ títí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yóò fi pé. Ẹni tó bá ń kọjá, tó sì rí òdòdó kábéèjì lẹ́bàá ilé ìdáná, yóò ṣí fìlà rẹ̀, yóò béèrè ẹni tó lọ.

Nítorí náà, ewé nìkan ni mo ní láti fi dá wọn mọ̀. Mo ti kọ ọ́ pé irú kan ni ìdí kẹẹ̀ẹ́dógún, torí pé ewé rẹ̀ pé, ó rí roboto, ó sì ṣẹ́nu ṣóńṣó bí ọkàn. Mo sì ti kọ ọ́ pé irú mìíràn ni ìdí kẹrìnlá, torí pé ewé tirẹ̀ là sí ìka márùn-ún. Àwọn pátákó méjèèjì yìí wà lára èyí tí Bùbú ti sọ sínú agbọ̀n.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," ó wí. "Ọ̀kan ṣì ń mu ọmú ni."

"Ṣùgbọ́n, Bùbú, ìwé sọ pé ewé tó pé yàtọ̀ sí ewé tó là."

"Ìwé yẹn, ṣé ó ti se kábéèjì rí?" Ó fà mí lápá wálẹ̀ títí orúnkún mi fi kan ẹrẹ̀, ó ṣí àwọn ewé ìdí kẹrìnlá sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ewé kan hàn mí nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ti ń gbẹ. Ewé náà pé, ó rí bí ọkàn gẹ́lẹ́. "Ewé ìgbà ọmọdé rẹ̀ nìyí. Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé eyín wà lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ?"

Mo ṣí ìwé mi, mo fagi lé ohun tí mo kọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wo àwọn tó kù.

"Kì í ṣe tìrẹ ni mo bá wá," ni Bùbú dá mi lóhùn. "Tèmi ni mo ń wá."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ohun tó gbé e rìn láti ilé rẹ̀ wá, wákàtí kan gbáko. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín da eérú bo Ambae, tí ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ará ibẹ̀ wá sí Santo, ìdì kan ṣoṣo ni Bùbú gbé dání: igi kábéèjì mẹ́wàá tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé. Eérú ti jẹ wọ́n nínú kó tó gé wọn. Kò sí ọ̀kan tó hù. Irú tí ìyá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ ni, Ọrùn Pupa ni wọ́n sì ń pè é. Nínú ẹbí wọn, ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ yóò gba igi mẹ́wàá lára ìlà ìyá rẹ̀, yóò sì gbìn wọ́n síwájú ilé ìdáná ìyá ọkọ kó tó jẹun nínú ilé náà. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Juslyn, ọmọ ọmọ Bùbú, tí Bùbú tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, yóò lọ fẹ́ ọkọ ní erékùṣù Malakula.

"Kí ni kí n fún un?" Bùbú béèrè lọ́wọ́ mi. "Ìkòkò? Ṣọ́ọ̀bù ń ta ìkòkò. Ṣé kó lọ jókòó nílé àwọn ará Malakula, kó máa jẹ ewé ìyá ẹlòmíràn títí ayé?"

"Ẹ ò ṣe fún un ní irú mìíràn, Bùbú? Kò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ó wí.

Àwọn ará Ambae púpọ̀ ti kó igi wá sínú ọgbà wa lọ́dún eérú náà. Bùbú gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú wọn ti gé Ọrùn Pupa láti abúlé rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe irú kan ṣoṣo ni ọrùn rẹ̀ pupa. A rìn yí ìdí méjìlélọ́gọ́ta náà ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta la yí i. Nígbà tí a fi máa parí, ìdí kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ìdí kọkànlélọ́gbọ̀n, ni ọrùn ewé wọn, ìyẹn ọ̀pá tó so ewé mọ́ igi, pupa lóòótọ́.

Bùbú ti fi ọkàn rẹ̀ sí ìdí kẹrìnlá. Ní ti ìkọkànlélọ́gbọ̀n, ó kúrú, igi rẹ̀ ti di kókó-kókó nítorí pé wọ́n ti gé e ju bó ṣe yẹ lọ, ewé rẹ̀ kò sì là rárá. Bùbú fi ìka ta á nù. "Ọrùn Pupa ìyá mi ní ìka márùn-ún, ìka àárín ló sì gùn jù. Èyí ò ní ìka. Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ dájú pé ìkẹrìnlá ni, Bùbú?"

Ó wá sọ ohun tí kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Ó ní òun ti rí òdòdó Ọrùn Pupa lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ kú. Ìlà rẹ̀ wà láìjá fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó sì yọ òdòdó. "Òdòdó àwọn ìyókù, àwọ̀ ìyeyè ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ti ìyá mi funfun."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àmì tó dájú ti dé. Ewé máa ń yí padà bí igi ṣe ń dàgbà, bí wọ́n ṣe ń já a àti bí òjò ṣe ń rọ̀; òdòdó kì í yí padà bẹ́ẹ̀. A kàn nílò kí a fi igi náà sílẹ̀ títí yóò fi yọ òdòdó ni. Ọgbà kò lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n máa ń gé gbogbo ìdí lulẹ̀ lóṣù karùn-ún. Mo tọ Ọ̀gá Wilkins lọ, ó sì yọ̀ǹda pé kí Bùbú mú igi mẹ́ta-mẹ́ta lára ìdí kẹrìnlá àti ìdí kọkànlélọ́gbọ̀n lọ sílé. Èmi ni mo tẹnu mọ́ ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé ènìyàn kò gbọdọ̀ dán ohun kan ṣoṣo wò láìní ohun tí yóò fi í wé.

"O lè gbìn ín," Bùbú wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú ilé ìdáná mi. Gbìn ín síbi ìwẹ̀, kó máa mu omi ọṣẹ."

Ibẹ̀ náà ni mo gbìn ín sí; ìkẹrìnlá ni Bùbú gbìn síwájú ilé ìdáná.

Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ sílé Bùbú pẹ̀lú rúlà àti ìwé mi. Juslyn a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa rin ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ti yọ lójú ọ̀nà.

"Bùbú, ẹ jáde o! Dókítà ewé ti dé. Ẹ sọ fún kábéèjì kó bọ́ aṣọ, wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀," Bùbú á wí láti inú ilé. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó tí ìwọ ti ń rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo yẹn?"

"Bùbú, ọkọ mi kò fẹ́ mi torí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń fi ewé kábéèjì aládùúgbò wé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rin, a ó da oje àgbọn sí i, a ó sè é, a ó sì jẹ ẹ́ gbígbóná. Ewé aládùúgbò ni, nítorí Bùbú kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlà tó wà níwájú ilé ìdáná. Mo máa ń rí i bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láràárọ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu erùpẹ̀ kúrò lára ọrùn ewé.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní oṣù karùn-ún, mo rí i pé ewé tó ń yọ lórí ìkọkànlélọ́gbọ̀n, níbi ìwẹ̀, ti ń là. Àkọ́kọ́ là sí ìka mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó di márùn-ún, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, ìka àárín sì fi sẹ̀ntímítà mẹ́rin gùn ju àwọn yòókù lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ jáde. Bùbú kì í wo apá ibẹ̀. Bó bá ń wẹ̀, ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí i ni. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún àgbàlagbà pé àṣìṣe tó bá mi wí lé lórí ni òun náà ń ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹfà, Juslyn pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́. Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Máa bọ̀," ó wí. "Ó ti yọ."

Mo bá Bùbú lórí àpótí ìjókòó níwájú ilé ìdáná. Òdòdó méjì ti là lórí ìkẹrìnlá, wọ́n tóbi tó igbá ìmumi. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n, wọ́n mọ́lẹ̀ yòò, àárín wọn dúdú. Ó lẹ́wà gan-an ni, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyeyè," ni Bùbú wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùbú."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń nu ojú ọmọ ọlọ́mọ." Ó dìde, ó fa ọ̀bẹ yọ lára ògiri. "Ó dáa, a ó sè é lónìí. Juslyn, gbé omi kaná."

Juslyn kò mira. Èmi ni mo dúró sáàárín Bùbú àti ìlà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bójú mu. "Bùbú, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó wà níbi ìwẹ̀ ti ní ìdì òdòdó mẹ́ta. Kò tíì là."

"Àtẹ́lẹwọ́ yẹn?"

"Ó ti ní ìka, Bùbú. Láti oṣù tó kọjá."

Ó wò mí. Mo wolẹ̀.

"Oṣù tó kọjá," ó tún un wí. Ó fi ọ̀bẹ padà sára ògiri. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí n máa gbé nínú ilé olódòdó bí òkú? Ǹjẹ́ o rí bí ìyá tó ń ta igi ìdáná ládùúgbò ṣe ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ láti àárọ̀?"

"Ọjọ́ mélòó kan péré ni, Bùbú."

"Ọjọ́ Àìkú," ó wí. "Bó bá di ọjọ́ Àìkú tí kò là, gbogbo rẹ̀ ń wọ ìkòkò, ìwọ náà á sì jẹ nínú rẹ̀."

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé ìyá onígi ìdáná ní àbúrò tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí apá ìlà-oòrùn erékùṣù náà, níbi tí Evelina, àbúrò Bùbú, ń gbé. Ọ̀rọ̀ tó gbé débẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ìlà Rosina ti yọ òdòdó. Kò sí ará Ambae tó nílò kí a ṣàlàyé ìyókù fún un.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe ń ṣí rúlà mi, a gbọ́ ẹkún lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Màmá Evelina sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹní òkú mẹ́jọ tó ká lé èjìká, àkùkọ kan lábẹ́ apá, pẹ̀lú iṣu tí awakọ̀ ń gbé tẹ̀ lé e. Ó rí òdòdó ìyeyè níwájú ilé ìdáná, ó sì wó lulẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi o! Rosina, ẹ ò dúró dè mí! Oṣù tó kọjá lẹ ṣì ń bú mi lórí fóònù o! Ta ni yóò máa bú mi?"

Bùbú yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọṣẹ bo gbogbo ojú rẹ̀, aṣọ ìnura lọ́rùn. "Ta ló kú?" ó béèrè. "Evelina, ta ló kú?"

Àkùkọ bọ́ lábẹ́ apá Màmá Evelina, ó sá wọ inú ilé.

"Ẹ̀yin," ó wí níkẹyìn. "Ẹ̀yin lẹ kú."

"Mo tọrọ gáfárà, mi ò tíì kú."

"Òdòdó wà níwájú ilé ìdáná yín! Mo ti sunkún láti òwúrọ̀ kùtùkùtù! Mo yá ẹní méjì nínú ẹní wọ̀nyí! Kí ló dé tí ẹ̀ ń yọ òdòdó láìkú?"

"Bi dókítà ewé," ni Bùbú wí, ó sì ń fọ ọṣẹ lójú. "Òun ló pa mí."

Mo bẹ Màmá Evelina títí ó fi jókòó. Juslyn gbé omi fún un, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n débi pé ìdajì omi náà dà sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe, ọgbọ́n kan wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo la ní, ìyẹn ìrántí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá Evelina ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

"Màmá," mo wí, "ẹ má wo Bùbú, èmi ni kí ẹ wò. Nígbà tí ìyá yín kú, tí ìlà wọn yọ òdòdó, ṣé ẹ rántí bí òdòdó náà ṣe rí?"

"Èwo ni kí n má rántí? Mo fi í sírun, wọ́n sì nà mí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ta ló ń na ọmọ ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ̀ kú?"

"Àwọ̀ wo ni, Màmá?"

"Funfun, bí oje àgbọn. Inú rẹ̀ dúdú bí ẹnu ẹni tó jẹ èso igbó. Kì í ṣe bí èyí." Ó nawọ́ sí òdòdó ìyeyè. "Kí lèyí? Ti ta ni?"

Bùbú yí padà, ó sì ń lọ sí ibi ìwẹ̀, àwa yòókù tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ náà ló ti ń wẹ̀ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ọṣẹ kò jẹ́ kó la ojú dáadáa. A yí igun ilé, a sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Òdòdó kan ti là. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ nígbà náà gan-an, mo sì dà á kọ síbí láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ewé òdòdó márùn-ún, wọ́n funfun, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n gun ara wọn léjìká. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àlùkò tó ṣú, gbogbo rẹ̀ sì pàdé di ojú kan láàárín. Ọ̀pá kan ṣoṣo yọ láti àárín ojú náà, ìyẹ̀fun òdòdó lẹ̀ mọ́ ọn lára yíká, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí lára ilá àti gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún ló gbé òdòdó náà dúró lábẹ́. Ọrùn ewé pupa lápá òkè nìkan, abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kò ní irun tó ń yún ènìyàn lára.

Màmá Evelina bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn, ṣùgbọ́n kò pariwo. Bùbú kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ó fi ìka kan yí ọrùn ewé náà padà, ó wo òkè, ó wo abẹ́.

"Ibi ìwẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gbìn ọ́ sí," ó wí. "Má bínú." Mi ò mọ̀ bóyá igi náà ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí èmi.

Mo wí pé àtigbà tí wọ́n ti ń gé e nínú ọgbà ni kò ti ráyè dàgbà, ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi pé bíi ti ọmọdé.

"Mo mọ̀," Bùbú dáhùn. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, òdòdó náà ti rọ, ó ká bí aṣọ tí wọ́n fún, ó sì já bọ́. Ọjọ́ kan péré ló máa ń lò. Màmá Evelina ní tí awakọ̀ bá ti yà mu omi gbòǹgbò kava lójú ọ̀nà, àwọn kì bá tí rí i.

Ọ̀rọ̀ ẹní dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Màmá Evelina kò fẹ́ kó wọn padà, nítorí ẹní tí wọ́n bá ti gbé wá síbi òkú kì í padà sílé. Juslyn ní òun kò lè gbé ẹní òkú lọ sílé ọkọ.

"Òkú wo?" ni Bùbú bi í. "Òkú tó ń wẹ̀?"

"Bùbú, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọ́n fi sunkún wá."

"Ẹkún ti tán, ẹní ló kù. Gbà á, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ kékeré. Méjì tó yá nìkan ni kó dá padà." Bẹ́ẹ̀ ni ẹní mẹ́fà ṣe wọ inú ẹrù ìyàwó. A se iṣu náà. Àkùkọ wà láàyè títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Bùbú ní ó ti yẹ ikú kan, kí a fi í sílẹ̀.

Igi mẹ́ta tí a gbìn síbi ìwẹ̀ kò lè mú igi mẹ́wàá wá láìkú. Bùbú rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó wá pín in: mẹ́rin fún Juslyn, mẹ́ta fún ọgbà wa, ìyókù wà nílẹ̀ kó máa hù. Juslyn bi í bóyá mẹ́rin tó. Bùbú ní ìyá ìyá òun náà ti ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye kan lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó rántí iye tó jẹ́.

Nínú oṣù keje, Juslyn gbin igi mẹ́rin náà síwájú ilé ìdáná ìyá ọkọ rẹ̀ ní Malakula kó tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mẹ́ta ti hù. Ewé wọn pé, ó rí bí ọkàn. Juslyn kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé: "Sọ fún Bùbú pé wọ́n ṣì ń mu ọmú."

Bùbú Rosina ṣì ń wá sí ọgbà lọ́jọ́ Ajé. Ó dá àwọn pátákó tó kó lọ padà fún mi, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn wọn, kí n má fi pátákó ṣòfò. Títí di ìsinsìnyí a ti jọ wo ìdí méjìdínlọ́gbọ̀n. Níbi ìkọkànlélọ́gbọ̀n, pátákó tó ní irọ́ mi àtijọ́ lẹ́yìn ló dúró níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà níwájú: Ọrùn Pupa, Ambae, òdòdó funfun, láti ọwọ́ Rosina Garae àti Evelina. Ọ̀gá Wilkins ti gbà pé kí a má gé ìdí náà lulẹ̀ mọ́.

Igi tó kù kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin ará Ambae tí ẹ wà káàkiri, bí ẹ bá ní kábéèjì tí ọrùn ewé rẹ̀ pupa lápá òkè nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi kan sílẹ̀ láìjá títí yóò fi yọ òdòdó. Bí òdòdó náà bá funfun, ẹ gé igi kan tó gùn tó apá, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé e, kí ẹ sì mú un wá fún wa ní ìlà kẹta. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ẹbí yín pé ẹ wà láàyè.